Ìrù Àgbọ̀nrín Nínú Ilé Aṣòfin New York

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì ni ó fún mi ní ìwé kan kà nípa ìṣèlú Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Mo kà á níbẹ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 1820, àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ New York pín sí igun méjì, wọ́n ń pe igun kan ní Clintonians, wọ́n sì ń pe èkejì ní Bucktails, bẹ́ẹ̀ inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni gbogbo wọn wà. Kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an? Ṣé odò Erie tí wọ́n gbẹ́ ni, àbí nǹkan mìíràn? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ sì bá wa kí ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ odò náà wà nínú ìjà yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ẹni tí yóò máa pín ipò ìjọba.

Nígbà tí New York ṣe ìwé òfin rẹ̀ ní ọdún 1777, tí ogun òmìnira pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lọ lọ́wọ́, àwọn tí ó kọ ọ́ kò fẹ́ kí gómìnà nìkan máa yan òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kékeré kan sílẹ̀ tí a lè pè ní Ìgbìmọ̀ Ìyànsípò. Gómìnà ni alága rẹ̀, sẹ́nétọ̀ mẹ́rin sì jókòó tì í, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́rin tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí. Ilé aṣòfin kejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Assembly, ni ó ń yan àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́rin yìí lọ́dọọdún. Ọwọ́ àwọn ènìyàn márùn-ún yìí ni oyè adájọ́ wà, àti ti ọ̀gá agbófinró àgbègbè, ti akọ̀wé ilé ẹjọ́, ti méyọ̀ ìlú New York, títí kan ti ọ̀gágun ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpínlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka iye ipò tí ó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ náà ní ọdún 1821, 8,287 ni ti ológun, 6,663 sì ni ti alágbádá.

Ẹ wá rò ó wò. Igun tí ó bá fi ènìyàn díẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú Assembly lọ́dún kan ni yóò yan sẹ́nétọ̀ mẹ́rin, sẹ́nétọ̀ mẹ́rin náà yóò sì lè yọ ènìyàn nípò láti abúlé dé olú ìlú kí ọdún tó yí po. Ìtàn kan láti ọdún 1816 fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó hàn wá. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Republican (èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí) àti ẹgbẹ́ Federalist fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú Assembly. Ní àgbègbè Ontario, Henry Fellows tí í ṣe Federalist ni ó ní ìbò tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò ìlú kan ti ké orúkọ rẹ̀ kúrú, “Hen. Fellows” ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbò wọn. Akọ̀wé àgbègbè kọ̀ láti ka àwọn ìbò wọ̀nyẹn mọ́ ti Henry, ó sì fún Peter Allen ti ẹgbẹ́ Republican ní ìwé ẹ̀rí pé òun ni ó wọlé. Nígbà tí ilé jókòó ní Albany, àwọn Federalist bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí. Àwọn Republican kọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yan Ìgbìmọ̀ Ìyànsípò, Allen sì dìbò pẹ̀lú wọn. Nígbà tí èyí parí tán ni wọ́n wá yẹ ẹjọ́ náà wò, tí wọ́n ní kí Allen dìde kí Fellows sì jókòó. Wọ́n dá ẹ̀tọ́ padà fún ọkùnrin náà lẹ́yìn tí wọ́n ti pín gbogbo ohun tí ẹ̀tọ́ náà lè fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

DeWitt Clinton, olórí igun Clintonians, ti mọ bí ìgbìmọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n George Clinton, gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ náà, ni, ó sì wà lára Ìgbìmọ̀ Ìyànsípò ní ọdún 1801, nígbà tí òun àti Ambrose Spencer, sẹ́nétọ̀ mìíràn nínú ìgbìmọ̀ náà, yọ àwọn Federalist kúrò nípò tí wọ́n sì fi ènìyàn tiwọn rọ́pò wọn. Láti ọdún 1803, ó ṣe méyọ̀ ìlú New York fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1812 ó díje dupò ààrẹ pẹ̀lú James Madison tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, àwọn Federalist sì tì í lẹ́yìn. Ó fìdí rẹmi, ọ̀pọ̀ Republican kò sì dárí rẹ̀ jì í títí láé. Ní ọdún 1815 ìgbìmọ̀ kan náà tí ó ti fi yọ àwọn ẹlòmíràn yọ òun náà kúrò ní méyọ̀.

Ibi tí odò ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Clinton tí kò ní ipò mọ́ gbájú mọ́ ètò láti gbẹ́ odò láti Albany dé Buffalo létí adágún Erie, 363 máìlì gbáko. Àwọn ènìyàn ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn ará Tammany, ẹgbẹ́ àwọn Republican kan ní ìlú New York tí wọ́n kórìíra rẹ̀, takò ó. Síbẹ̀ nígbà tí òfin náà dé iwájú Sẹ́nétì ní oṣù kẹrin ọdún 1817, Martin Van Buren tí í ṣe ọ̀tá Clinton ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gbè é, ó sì dìbò fún un. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní odò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀. Clinton di gómìnà ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò náà ní ìlú Rome ní ọjọ́ 4 oṣù keje kan náà.

Láti ara ẹgbẹ́ Tammany ni orúkọ Bucktails ti wá, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà a máa fi ìrù akọ àgbọ̀nrín sí ara fìlà wọn. Van Buren ni olórí wọn nílé aṣòfin. Ọmọ ẹlẹ́mu ni, ilé ọtí ni bàbá rẹ̀ ní ní ìlú Kinderhook, ó sì gbàgbọ́ pé ẹgbẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣèpàdé, kí wọ́n fẹnu kò, kí ẹni tí èrò tirẹ̀ kò sì borí fara mọ́ ìpinnu náà. Ó ka Clinton sí ọmọ ìdílé ńlá tí ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa tẹ̀ lé òun lẹ́yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ní tèmi, Van Buren ní ẹ̀tọ́ lórí èyí ju bí àwọn olólùfẹ́ Clinton ṣe ń gbà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà gba ti odò náà fún Clinton pátápátá. Ní oṣù keje ọdún 1819 ìgbìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ Clinton yọ Van Buren kúrò ní ipò Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Clinton fi ìbò tí kò tó 1,500 borí Daniel Tompkins, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, nínú ìdíje gómìnà, ṣùgbọ́n Assembly bọ́ sọ́wọ́ àwọn Bucktails. Bí ọdún 1821 ṣe wọlé, Clinton wà lórí àga alága, sẹ́nétọ̀ mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ yí i ká, wọ́n sì ń yọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ Clinton rí òpin odò rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó rí i. Kò díje mọ́ ní ọdún 1822, ó kù sí ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó odò náà, níbi tí kò ti gba owó kankan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1824, lọ́jọ́ tí ilé aṣòfin fẹ́ kógbá wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ Van Buren yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú bí àwọn ará ìlú gan-an. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi ìbò tí ó fi ju 16,000 lọ ju ti alátakò rẹ̀ dá a padà sí ipò gómìnà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1825 ó wọ ọkọ̀ láti Buffalo, ó sì da omi adágún Erie sínú òkun ní New York ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá. Ó kú sórí oyè ní oṣù kejì ọdún 1828.

ÌBÉÈRÈ: Brooklyn ni mo ń gbé. Wọ́n kọ́ ọmọ mi níléèwé pé ní ọdún 1821 ni New York fún mẹ̀kúnnù ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ó wá bi mí bóyá àwọn ènìyàn dúdú wà lára mẹ̀kúnnù náà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Ìyá, ìbéèrè ọmọ yín tọ̀nà gan-an, ìdáhùn rẹ̀ sì dùn mí láti kọ.

Ìwé òfin 1777 kò mẹ́nu kan àwọ̀ ara rárá. Ọkùnrin tí ó bá ní ilẹ̀ tí iye rẹ̀ tó 100 pọ́n-ùn lè dìbò yan gómìnà àti sẹ́nétọ̀. Èyí tí ó bá ní tó 20 pọ́n-ùn, tàbí tí ó ń san owó ilé tó ìwọ̀n kan, lè dìbò fún Assembly. Ènìyàn dúdú tí ó ti di òmìnira ń dìbò lábẹ́ òfin kan náà. Ọ̀pọ̀ wọn tì sí ẹgbẹ́ Federalist, nítorí pé gómìnà Federalist kan, John Jay, ni ó fọwọ́ sí òfin ọdún 1799 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn Republican mọ èyí dájú. Ní ọdún 1811, ilé aṣòfin ṣe òfin pé kí ènìyàn dúdú mú ìwé ẹ̀rí òmìnira rẹ̀ wá kí ó tó lè dìbò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1821, aṣojú 126 péjọ sí Albany láti tún ìwé òfin ṣe, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ Bucktails. Wọ́n fòpin sí Ìgbìmọ̀ Ìyànsípò. Wọ́n ní ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí ó bá san owó orí, tàbí tí ó ṣiṣẹ́ ológun, tàbí tí ó bá wọn ṣe ojú ọ̀nà, lè dìbò láìní ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó kọ àbá náà fi ọ̀rọ̀ náà “funfun” sí i. Peter Jay, ọmọ John Jay, dìde, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ìbò 63 gbè é, 59 takò ó. Van Buren dìbò pẹ̀lú Jay. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ mìíràn, ó sì padà wá ní ọ̀nà tó le jù: kí ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ tí iye rẹ̀ tó 250 dọ́là láìsí gbèsè lórí rẹ̀, kí ó sì ti jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta. Van Buren fara mọ́ èyí, ó ní yóò mú kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ kára.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ìṣirò yìí: ní owó New York ayé ìgbà yẹn, ṣílè mẹ́jọ ni dọ́là kan, nítorí náà 100 pọ́n-ùn àtijọ́ jẹ́ 250 dọ́là géérégé. Odi tí wọ́n wó fún funfun ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdúró fún dúdú, ó sì wá dí ọ̀nà ìbò Assembly pàápàá, èyí tí 20 pọ́n-ùn ti tó fún tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1827, gbogbo ẹrú tí ó kù ní New York di òmìnira. Ilẹ̀kùn ìbò ni wọ́n bá ní títì.

Ọ̀rọ̀ odi yìí kò parí pẹ̀lú Bucktails. Wọ́n gbé àbá pé kí wọ́n wó o síwájú àwọn olùdìbò ní ọdún 1846, ní 1860 àti ní 1869, àwọn olùdìbò kọ àbá náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àtúnṣe sí ìwé òfin gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1870 ni ó fòpin sí i.

Bí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ mú àwọn ọmọ kọjá odò lọ sí Central Park, ní apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, nítòsí òpópónà 85. Seneca Village wà níbẹ̀ nígbà kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1825, Andrew Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tí ó ń dán bàtà fún àwọn ènìyàn, fi 125 dọ́là ra ilẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá iléèwé sílẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ilẹ̀ wọn bá sì tó iye tí òfin ń béèrè di olùdìbò. Ní ọdún 1857, ìjọba ìlú ti gba gbogbo ilẹ̀ náà láti fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́, ó sì ti wó àwọn ilé náà.