Ẹni méjì péré nínú ọkọ̀ onígbòkun: báwo la ṣe máa fi òru rìn lẹ́bàá etíkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá atukọ̀. Èmi àti ìyàwó mi ní ọkọ̀ onígbòkun tó gùn tó mítà 10. Ojúmọmọ nìkan la ti ń rìn. Ìrìn tó kàn jẹ́ máìlì òkun 60, kò sì sí èbúté tí a lè yà sí lọ́nà, a ó lo òru mọ́jú ni. Mo fẹ́ ká rọra máa rìn lẹ́bàá ilẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ tí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀ wá kọlù wá?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ilẹ̀. Lóòótọ́, iná ìlú máa ń fini lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ìtòsí ilẹ̀ gan-an ni ewu òru pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni àpáta wà, ibẹ̀ náà ni àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà tí ẹ jìnnà sílẹ̀, ẹ ṣì ráyè tún un ṣe kí atẹ́gùn tó gbá yín lọ sétí omi. Èmi a máa fẹ́ máìlì 5 sí 10 sí etíkun, tí kì í bá ṣe ojú ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ fẹ́ dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Tí ọkọ̀ yín bá ń rin máìlì 5 ní wákàtí kan, wákàtí 12 ni. Ẹ dín ìgbòkun kù kí oòrùn tó wọ̀, kódà tí atẹ́gùn kò bá le. Tí ẹ bá sì yára dé, ẹ dúró sójú òkun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́: èbúté tí ẹ kò wọ̀ rí kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀ lókùnkùn.

Ní ti ọkọ̀ ńlá, iná pupa wà lápá òsì rẹ̀, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Tí ẹ bá rí pupa àti aláwọ̀ ewé pọ̀, ẹ̀yin ló dojú kọ. Àmọ́ kọ́ńpáàsì ni kí ẹ gbọ́kàn lé. Ẹ wo ibi tí iná náà wà, ká ní dígírì 40, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tún wò ó. Tó bá ti di 46, tó tún di 53, ó ń kọjá lọ nìyẹn. Tó bá ṣì wà ní 40, tí iná náà sì ń tóbi sí i, ẹ ti fẹ́ pàdé. Ohun tí òfin àgbáyé ti 1972 lórí ìkọlù ọkọ̀ lójú òkun sọ náà nìyí. Ẹ tètè yà, kí ẹ sì yà gan-an, kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè rí i pé iná yín ti yí padà. Òfin ní kí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì yà fún onígbòkun, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí yín dúró dè é. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 18 ní wákàtí kan yóò rin máìlì 6 láàárín ogún ìṣẹ́jú péré. Nítorí náà, ẹ wo yíká gbogbo ojú òkun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, títí kan ẹ̀yìn ìgbòkun. Apẹja ní tirẹ̀, iná pupa lókè funfun, tàbí aláwọ̀ ewé lókè funfun, ẹ̀yin lẹ máa yà fún un. Tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná funfun ara òpó pẹ̀lú, nítorí lójú òfin, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ ti dà yẹn.

Ẹ pín ìṣọ́ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí kò sí lẹ́nu ìṣọ́ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, bí oorun kò tiẹ̀ kùn ún. Ẹni tó ń ṣọ́nà wọ ẹ̀wù ìléfòó, kó so okùn ààbò rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ kó tó jáde síta. Láìjí ẹnìkejì, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi ìtukọ̀ lọ sí iwájú ọkọ̀, ohun yòówù kó já. Èyí kò ní àfi kankan lọ́dọ̀ mi, nítorí ẹni tó já sómi lóru, ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀.

Iná pupa ni kí ẹ máa lò nínú ọkọ̀: ojú tó ti rí iná funfun lè gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tún ríran dáadáa lókùnkùn. Ẹ tètè jí ẹni tí ìṣọ́ kàn, kí ẹ fi gbogbo iná tó wà níta hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ èyí tó ń sún mọ́ yín fún un kí ẹ tó lọ sùn.