Báwo ni irin tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ṣe ń fi ìyípadà cosmic rays hàn?

Cosmic rays jẹ́ èérún átọ́ọ̀mù tó ń sáré burúkú láàárín àwọn ìràwọ̀. Bí wọ́n bá kọlu irin tó ń rìn kiri lójú ọ̀run, wọ́n á fọ́ átọ́ọ̀mù rẹ̀, ohun tó kù lára átọ́ọ̀mù irin yẹn á sì di nǹkan mìíràn, bíi kilorínì-36 àti pọ̀táṣíọ̀mù-40 (nọ́ńbà náà ń sọ irú átọ́ọ̀mù tó jẹ́). Irin ló yẹ iṣẹ́ yìí jù, torí ó le: ó lè pẹ́ lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, nígbà tí òkúta lásán kì í sábà lò tó 100 mílíọ̀nù.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Láàárín nǹkan bí 300,000 ọdún, ìdajì kilorínì-36 á ti pòórá, nítorí náà ìgbà àìpẹ́ nìkan ló mọ̀. Pọ̀táṣíọ̀mù-40 ń lò tó 1.25 bílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Òun ló kó ìtàn àtijọ́ pamọ́. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì ṣírò iye ọdún tí irin kan náà lò lókè, ti pọ̀táṣíọ̀mù gùn ju ti kilorínì lọ dáadáa. Àlàyé kan ni pé cosmic rays pọ̀ ní àwọn mílíọ̀nù ọdún àìpẹ́ yìí ju bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ: èyí mú kí kilorínì pọ̀, ìṣirò tí a fi í ṣe á sì kúrú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní 2002, Nir Shaviv, onímọ̀ físíìsì, wo iye ọdún tí ọ̀pọ̀ irin báyìí lò lókè, ó sì sọ pé cosmic rays ń pọ̀ síi, wọ́n ń dínkù, ní nǹkan bí 143 mílíọ̀nù ọdún síra. Èyí kò tíì dá mi lójú: bí àpáta ńlá kan bá fọ́, iye ọdún kan náà ni gbogbo èérún rẹ̀ á fi hàn, ìyẹn sì lè tan èèyàn jẹ bíi pé cosmic rays ló yí padà.