Ṣé iṣẹ́ díjéè ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnjiníà iná ni mo kà jáde, Ṣàgámù ni mò ń gbé, mo ti ń bá àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ohùn àti láìtì lọ òde ṣiṣẹ́, àmọ́ màmá mi ní iṣẹ́ díjéè kọ́ làwọn rán mi lọ kọ́. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Má fi sílẹ̀ o, àbúrò mi. Ohun tó o kà gan-an niṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Wo èrò Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní sẹ́kọ́ńdì kan, tó o bá wá gbé sípíkà kejì jìnnà sí ti iwájú ní mítà 34 tí o ò fi bí ìdá kan nínú 10 sẹ́kọ́ńdì dá a dúró, ọ̀rọ̀ á máa di méjì létí àwọn tó wà lẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 100 kVA, ìwọ̀n agbára rẹ̀, sí lára ńkọ́? Kìlówáàtì 80 ni iná tó ṣeé lò gan-an tí wọ́n sábà máa ń kà fún un, ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Mo ti wà níbi tí wọ́n kó gbogbo láìtì sórí féèsì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan péré nínú okùn mẹ́ta tí iná ń gbà jáde, bí ìyàwó ṣe ń jó wọlé báyìí, gbàù, bíréékà já, òkùnkùn ṣú, ìyá ìyàwó bú sẹ́kún. Ó dùn mí gan-an ni. Mú màmá dání lọ́jọ́ kan, kí wọ́n rí ẹ nídìí páńẹ́ẹ̀lì, bó o ṣe ń pín iná sórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.