Ariwo tó ń han nínú sípíkà ọkọ̀: má tíì ra alternator

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni mo kọ ọ́. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ so amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò ga) àti wúfà mọ́ Corolla rẹ, o wá ń gbọ́ ariwo kan bíi ti yànmùyánmú nínú sípíkà. Tí o bá tẹná, á máa han lọ sókè. Tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á rọlẹ̀. Réwáyà àdúgbò yín ní alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ló ń kú lọ, kí o wá owó rẹ̀. O wá ń bèèrè bóyá kí o rà á.

Má tíì rà á. Èmi ti rà á rí. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ sí Ladipo, mo ra tòkunbọ̀ tó dára, wọ́n dè é sí i fún mi níbẹ̀, mo sítáàtì ọkọ̀, mo tan rédíò. Yànmùyánmú náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Mo jókòó sínú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, inú mi bàjẹ́ gan-an. Alternator tí mo tú kúrò, àbúrò ìyàwó mi ló dè é sí ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ di òní. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ohun tí mo sì ṣe gan-an nìyẹn. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, torí pé àrùn méjì ló wà lára ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan ni mo sì ń wá.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ariwo náà jẹ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wọn ò ní lè ta ohun tí o ò nílò fún ọ.

Iná tí alternator ń pèsè nínú ikùn rẹ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ (AC) ni, bíi ti NEPA. Àwọn díódù tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo (DC), irú èyí tí bátìrì lè gbà. Ṣùgbọ́n kò sí alternator tí iná rẹ̀ tẹ́jú pátápátá. Ìgbì kéékèèké máa ń ṣẹ́kù lórí rẹ̀, kódà bó jẹ́ tuntun nínú páálí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni ìgbì yẹn ń sáré sí i, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń ròkè tí o bá tẹná. Nítorí náà, pé ariwo ń bá ẹ́ńjìnnì rìn kò túmọ̀ sí pé alternator ti bàjẹ́. Ìgbì tó yẹ kó gba ọ̀nà tirẹ̀ padà sí bátìrì ló ti rí ihò wọ inú orin rẹ. Ihò yẹn ni ká wá.

Irin ara ọkọ̀ ni iná ń gbà padà sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Rédíò rẹ ní earth tirẹ̀, wáyà tó so ó mọ́ irin ọkọ̀, níwájú, amp ní tirẹ̀ ní búùtù. Wáyà RCA tó ń gbé orin láti rédíò lọ sí amp ní awọ irin tó yí i ká, awọ yẹn sì tún so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà ti di méjì nìyẹn. Bí earth amp bá dára, iná á gba títì gbangba lọ. Bí kò bá dára, á ṣe bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe tí títì Èkó sí Ìbàdàn bá dí: á yà gba inú abúlé. Awọ RCA ni ọ̀nà abúlé náà, ibẹ̀ náà sì ni orin rẹ ń gbà. Iná orin yẹn kéré gan-an, fóltì méjì sí mẹ́rin ni lára ọ̀pọ̀ rédíò tí o bá yí ohùn dé òpin, kì í tó bẹ́ẹ̀ tí orin bá rọlẹ̀. Ìdọ̀tí tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fóltì lọ, tí amp bá ti gbé e ga, wàá gbọ́ ọ ketekete.

Ó yẹ kó dùn ọ́ náà. Orin jùjú ni mo fẹ́ràn jù, ibi tí gìtá bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí gangan ń dá a lóhùn ni mo sì máa ń dúró dè. Ibẹ̀ gan-an ni yànmùyánmú yẹn máa ń bà jẹ́.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun: bí o bá fẹ́ tú wáyà iná ńlá tàbí earth, fi sípánà mẹ́wàá tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kúrò ná. Bí o bá sì fẹ́ yọ RCA, pa rédíò kí amp kú kí o tó fà á. Ìkejì yìí, jọ̀ọ́, má fojú kéré ẹ. Mo ń bọ̀ wá sọ ohun tó ná mi.

Ó yá, sítáàtì ọkọ̀, yí ohùn rédíò wá sí òdo. Bí ariwo bá bá orin lọ, ó ń wọlé kó tó dé ibi tí rédíò ti ń díwọ̀n ohùn. Fóònù tí o so mọ́ AUX (ihò tí rédíò fi ń gba orin láti ọ̀dọ̀ fóònù), tí o tún ń ṣájì nínú ihò ìtanná sìgá, ló sábà máa ń fa èyí. Fa ṣájà yọ, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohùn wà ní òdo tí ariwo ṣì ń han bákan náà, bíi tèmi, lẹ́yìn ibẹ̀ ló ti ń wọlé. (Tí ohun tí o ń gbọ́ bá jẹ́ tàtàtà dípò híhan, ọ̀dọ̀ pílọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ ni kí o wò, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.)

Pa rédíò, fa RCA yọ lára amp, tan rédíò padà kí amp lè jí, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Bí ariwo bá ṣì wà, ọ̀dọ̀ amp fúnra rẹ̀ tàbí wáyà iná rẹ̀ ni. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, inú RCA ni ariwo ń gbà wá. Tún pa á, wá wáyà AUX tó ní ẹnu RCA, fi so fóònù rẹ mọ́ amp tààrà, kí fóònù má wà lórí ṣájà o, bátìrì tirẹ̀ ni kó lò. Tan rédíò padà kí amp lè jí. Bí orin bá jáde láìsí ariwo, ara amp rẹ le. Ìgbà tí mo ṣe èyí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí sípíkà mi ṣe dára tó.

Lẹ́yìn náà ni mítà tí a fi ń wọn iná. Ju wáyà gígùn kan láti orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì dé búùtù, fi ẹnu mítà kan sí i, fi èkejì sí ojú earth lára amp, yí mítà sí DC, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí orin máa lọ sókè. Kò yẹ kó tó 0.1 fóltì. Tèmi gbé 0.7.

Mo tú bóòtù tí wọ́n fi earth náà dè. Bóòtù síìtì bẹ́líìtì ẹ̀yìn ni, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rárá, torí ẹ̀mí èèyàn wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo yọ òrùka wáyà náà, ọ̀dà ọkọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ digbí, ó ń dán. Àmì irin kan báyìí tó fẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́ ni òrùka náà ń fara kàn. Ibẹ̀ ni gbogbo iná amp yẹn ń gbà kọjá. Mo dá bóòtù bẹ́líìtì padà sí àyè rẹ̀, mo wá ibòmíràn tó jẹ́ irin ọkọ̀ gan-an. Mo yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí n tó lu ihò, torí pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni táǹkì epo Corolla wà. Mo fi sandpaper fá ọ̀dà ibẹ̀ títí irin fi funfun kedere, mo dè é le dáadáa pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, mo fi gíríìsì bò ó lórí kó má dógùn-ún. Wáyà earth náà kò gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ó sì nípọn tó wáyà iná tó ń bọ̀ láti bátìrì. Mo tún un wọ̀n: 0.05.

Ariwo rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ tán.

Ibí ni mo ti ṣìnà jù. Mo ní a jẹ́ pé kì í ṣe earth nìyẹn. Mo ra fílítà tí wọ́n ń so mọ́ wáyà iná, kò ṣe nǹkan kan. Mo ra RCA tuntun, mo gbé e gba ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀, mo jẹ́ kí wáyà iná gba ọ̀tún. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ṣe é bí tìrẹ bá jọ ń rìn pọ̀, àmọ́ ariwo tèmi ṣì wà. Ojú lásán ni mo fi ń wo earth tí mo ti tún ṣe, bí ẹni pé mo ṣiṣẹ́ yẹn lásán, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé ìdajì àrùn náà lọ. Bí ariwo bá dínkù lẹ́yìn ohun tí o ṣe, ohun tí o ṣe yẹn tọ̀nà. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, máa wá èyí tó kù.

Èyí tó kù lára tèmi, inú rédíò ló wà. Nígbà tí mo ronú padà ni mo rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n so amp yẹn, orin ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tó ń so ó fa RCA yọ, tó tún kì í bọ̀ ọ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lára àwọn rédíò kan, fúùsì tín-ín-rín kan wà lórí pátákó inú rẹ̀ tó so awọ RCA mọ́ earth rédíò. Bí awọ RCA bá kan ibi tí iná wà, tàbí tí earth amp bá já nígbà tí orin ń lọ, iná ńlá á gba ibẹ̀, fúùsì yẹn á jó. Rédíò á ṣì máa kọrin. O ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, àfi ariwo tó bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Fa rédíò jáde, yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, yí mítà sí òhm, fi ẹnu kan kan òrùka ìta ihò RCA, fi èkejì kan irin ara rédíò. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Lára tèmi, mítà kò mira, bí ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ń kan afẹ́fẹ́. Mo so wáyà padà, mo tan orin, ariwo ń lọ. Mo wá bó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo wé bàbà rẹ̀ mọ́ òrùka RCA, mo mú ìdí rẹ̀ lọ kan irin ẹ̀yìn rédíò.

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo gbé e kúrò, ariwo dé. Mo dá a padà, lọ́lọ́. Mo ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá, mo pe ìyàwó mi jáde wá gbọ́.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló tú u fún mi tó jó fúùsì mìíràn mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń fi wáyà wíwé yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí earth amp bá já, kò sí fúùsì tó máa kú dípò rédíò mọ́.

Nípa alternator rẹ, má gba ọ̀rọ̀ mi, wọ̀n ọ́n. Yí mítà sí AC, fi sí orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí iná iwájú wà ní títàn. Bó bá jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fóltì, kò sí wàhálà. Bó bá ju ìdajì fóltì lọ, díódù kan ti kú, réwáyà yín ló jàre. Tún yí i sí DC: bátìrì tó kún máa gbé bíi 12.6 tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, 13.8 sí 14.4 tó bá ń ṣiṣẹ́.

Wo gain amp rẹ náà. Ohun tí a fi ń mú amp bá iná orin tó ń bọ̀ láti rédíò mu ni, kì í ṣe bọ́tìnnì tí a fi ń mú orin lọ sókè. Tí o bá ti yí i dé òpin, kódà ìdọ̀tí tí kò yẹ kí etí gbọ́ á di ariwo. Yí rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí o wá máa ṣí gain díẹ̀díẹ̀ títí orin á fi tó ọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Àwọn tó ní kí o ra ground loop isolator, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so sí àárín wáyà orin kí ariwo má baà kọjá, mi ò bá wọn jà. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti AUX àti ṣájà, ó wúlò. Láàárín rédíò àti amp, ó máa ń jẹ lára ìró wúfà, àrùn náà á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí o bá sì wà nídìí búùtù, fi abẹ fá etí wáyà iná tí wọ́n lò fún ọ. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, ó nílò kó nípọn ju bàbà gidi lọ. Wò ó bóyá fúùsì wà lórí rẹ̀ tí kò jìnnà sí bátìrì ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí kò bá sí, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, kódà kí o tó wá ariwo kankan, torí wáyà yẹn lè dáná sun ọkọ̀.

Bá mi wọn mẹ́ta kí o tó ná kọ́bọ̀: AC lórí bátìrì, DC láàárín nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì àti earth amp, òhm láàárín òrùka RCA àti ara rédíò. Fi iye tí mítà bá gbé ránṣẹ́ sí mi, kí o sì bi ẹni tó so ó fún ọ bóyá ó fa RCA yọ nígbà tí orin ń lọ.