Ṣé Ẹni Tí Ẹ̀mí Mímọ́ Pè Tún Gbọ́dọ̀ Lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Bíbélì?

Ìbéèrè: Olóòtú, ọkọ mi gba ìpè iṣẹ́ ìránṣẹ́, ó sì ti gba ìrìbọmi Ẹ̀mí Mímọ́, ṣùgbọ́n ìjọ wa ní kí ó kọ́kọ́ lo ọdún 2 ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ṣé ìwé kò ní pa iná rẹ̀?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì wà lára ibi tí iná Pẹ́ńtíkọ́sì ti ràn. Ní Topeka, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1901, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ti oníwàásù Charles Parham ń wá inú Ìwé Mímọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀. Nígbà tí Parham ń kọ́ni ní Houston, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni William Seymour, tí ó di olórí ìpàdé ìsọjí Azusa ní ìlú Los Angeles ní 1906, ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́, nítorí pé wọn kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè láti bá aláwọ̀ funfun jókòó (ẹ wo irú òùngbẹ bẹ́ẹ̀!).

Ẹ kàn béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wàásù lójú pásítọ̀ àgbà, tí yóò lè sọ fún un lẹ́yìn ìsìn pé ẹsẹ tí ó kà kò sọ ohun tí ó fi í sọ. Bí kò bá sí èyí, ẹ wá òmíràn.