Ṣé ìdílé Baring ti parẹ́ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ ní látìgbà tí báńkì Baring ti ìlú London ti dojú dé ní 1995, ẹ ò gbúròó àwọn ọmọ ìdílé náà mọ́. Báńkì ló kú o, ilé ò tú. Johann Baring ló kúrò ní Bremen ní Jámánì wá sí Exeter ní England ní 1717. Francis ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó dá báńkì náà sílẹ̀ ní 1762.

Oyè ló ń da wíwá yín rú. Ẹni tó bá ti joyè, orúkọ oyè náà làwọn èèyàn ń pè é. Ẹ wá Ashburton, Northbrook, Revelstoke àti Cromer: Baring ni gbogbo wọn.

Àwọn ọmọbìnrin gan-an ni ká tọpa, torí orúkọ ọkọ ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Margaret, ọmọ ẹni àkọ́kọ́ tó joyè Revelstoke, ni Charles Spencer fẹ́ ní 1887. Margaret yìí ló bí bàbá bàbá Princess Diana. Ẹ rí i pé William àti Harry, àwọn ọmọ Diana, náà ń bẹ níbẹ̀!

Fún àwọn tí kò lóyè, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ti ìjọba ní England àti Wales wò láti 1837, àti ìwé ogún láti 1858. Ìwé ogún ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n sábà máa ń dárúkọ ọmọ àti àna níbẹ̀.