Ìgbà ìwọ́wé ní Ṣàgámù: kí ni kí àwọn ọmọ jéléósinmi fọwọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Tíṣà jéléósinmi ni mí ní Ṣàgámù, ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni àwọn tó wà ní kíláàsì mi. Ìlú Ọba ni wọ́n ti tẹ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ rà fún wa ní sáà yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń sọ̀rọ̀ ìgbà ìwọ́wé: ewé pupa, ewé yẹ́lò, elégédé ńlá, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń kó èso pamọ́. Àwọn ọmọ kun àwòrán tán, wọ́n ní, "Áńtí, níbo ni ewé pupa wà?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi hàn wọ́n. Kò sówó láti ra nǹkan púpọ̀, ọ̀gá wa sì fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà lára ògiri kí àwọn òbí tó wá ní ìparí sáà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, Áńtí wa. Ìbéèrè àwọn ọmọ yẹn dára ju àwòrán inú ìwé lọ. Òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè ti orí bébà mọ àsìkò. Èyí tó bá fọwọ́ kàn, tó gbóòórùn rẹ̀, tó gbọ́ bó ṣe ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ló máa mọ̀. Láàárín oṣù tí ìwé yín ń sọ yìí, nǹkan ń já bọ́ ní Rẹ́mọ náà, ìkórè sì ń ti oko wọlé. Ohun tó wà ní àdúgbò yín ni kí ẹ fi kọ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún wọn ní ṣókí. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, ojúmọ́ máa ń kúrú sí i, òtútù á sì máa wọlé. Igi kò ní ṣe àwọ̀ ewéko tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́. Yẹ́lò tó ti fara pamọ́ sínú ewé tẹ́lẹ̀ á wá hàn síta, ewé á sì já. Níbí, àìsí òjò ló ń fà á. Bí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ ń bọ̀, àwọn igi kan á wọ́wé kí omi tó wà lára wọn má baà tán. Ẹ wo àràbà, ẹ wo igi rọ́bà, ẹ wo tíìkì. Àmọ́ igi tó máa dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ yín gan-an ni igi fúrúùtù (èyí tí àwọn kan ń pè ní almond) tí wọ́n máa ń gbìn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ fún ìbòòji. Kí ewé rẹ̀ tó já, á pọ́n, òmíràn á di yẹ́lò, òmíràn á dà bí èèpo ọsàn tó ti pọ́n, gbogbo rẹ̀ lórí igi kan ṣoṣo. Bí kò bá sí nínú ọgbà yín, ó ṣòro kó má sí ní àdúgbò.

Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí oníkálukú mú páálí kékeré dání. Bí ẹ bá padà dé, ẹ da ewé sórí ẹní, kí wọ́n ṣà á: pupa lọ́tọ̀, yẹ́lò lọ́tọ̀, èyí tó ti gbẹ lọ́tọ̀. Kí wọ́n tún tò ó láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe yẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú ewé kan dé kí iṣan rẹ̀ wà lókè, ẹ fi bébà lé e, kí ọmọ dá kréyọ̀nù dùbúlẹ̀ kó sì máa fi ra orí bébà náà. Iṣan ewé á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí àlùmọ́gàjí ò tíì gbọ́ràn sí lọ́wọ́, ẹ fún un ní ewé gbígbẹ kó fọwọ́ rún un, kó wọ́n ọn sórí bébà tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù pa. Rírún yẹn ń fún ìka lágbára tí yóò fi di pẹ́ńsù mú lọ́la.

Ṣàgámù lẹ wà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ obì sílẹ̀. Ìparí ọdún yìí ni gbàǹja máa ń pọ̀, àwọn ọmọ yín sì ti rí agbọ̀n obì tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú ní ọjà Sábó, wọ́n ti rí i lọ́wọ́ ìyá àgbà wọn. Ìkórè wa nìyẹn, kò kéré sí elégédé ẹnikẹ́ni. Ẹ bẹ àwọn oníṣòwò kí wọ́n fún yín ní èyí tí kòkòrò ti jẹ, tí wọn ò lè tà. Ẹ wá obì àbàtà díẹ̀ mọ́ ọn. Kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún là á, kí wọ́n ka awẹ́: gbàǹja méjì, àbàtà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á rí i pé òmíràn funfun, òmíràn pupa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin fúnra yín ẹ rin èyí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Á pọ́n, á sì ṣú díẹ̀. Aró nìyẹn. Kí wọ́n fi fóòmù tàbí ìka fi kun bébà, tàbí kí wọ́n fi pa ẹ̀yìn ewé kí wọ́n sì tẹ ewé náà mọ́ bébà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ obì náà o, nítorí èròjà tó ń lé oorun nínú kọfí wà nínú rẹ̀, kò yẹ ọmọdé.

Ẹ tún ṣe ọjà obì fún wọn ní igun kíláàsì: agbọ̀n, ewé, bébà tí a gé bí owó. Ẹnì kan ń tà, ẹnì kan ń rà, ẹnì kan jẹ́ aláàárù. Mo fẹ́ràn eré yìí ju gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tó kù lọ, nítorí pé ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì á ná ọjà níbẹ̀, á ní "Ó ti wọ́n jù!", á ka owó, á fún oníbàárà ní ṣéńjì.

Àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì ọdún náà ti máa ń gbẹ ní àsìkò yìí. Ẹ rẹ háríhá rẹ̀ sínú omi títí tó fi rọ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi òwú so orí, ẹ so ìbàdí, ọmọláńgidi ti dé. Àwọn ọmọ á ṣẹ́ ẹ po, ẹ̀yin ẹ bá wọn so ó. Pòpórò náà wúlò fún mọ́tò àti màlúù, àmọ́ ẹ̀yin ni kí ẹ bó èèpo rẹ̀, nítorí ó mú.

Ní ti owó, gọ́ọ̀mù ni ì bá gbà á jù, ẹ ò sì ní láti rà á. Ẹ po táàṣì ẹ̀gẹ́ ṣíbí ìjẹun 3 mọ́ ife omi tútù 1, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí funfun rẹ̀ á fi lọ tí á máa dán. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ó lè kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ má sè é púpọ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́ nítòsí yín, níbi tí Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ ara wọn ro oko nígbà náà. Ẹ lè sọ ìyẹn fún ọ̀gá yín bó bá rò pé ọjà nìkan ni wọ́n ti ń ra ohun èlò ẹ̀kọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra gidigidi rèé. Ìwérénjéjé, èso pupa olójú dúdú tó lẹ́wà yẹn, kò gbọdọ̀ dé kíláàsì yín. Bí ọmọ bá jẹ ẹyọ kan lẹ́nu, ó lè pa á. Èso làpálàpá àti ti rọ́bà náà ní májèlé. Wèrèpè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irun rẹ̀ a sì máa fò. Ẹ yẹ ibi tí ẹ ń lọ wò kí ẹ tó kó ọmọ débẹ̀. Ẹ fi igi tú òkìtì ewé kí ọmọ tó kó ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé àti ejò. Ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọdọ̀ ṣeré nínú ewé eléruku. Ohunkóhun tó bá gba inú páálí róbótó tó wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, títí kan awẹ́ obì, ẹ má fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó lè há a lọ́fun.

Ní ti ògiri, ẹ gbé e kọ́ bí ọmọ ṣe ṣe é, ẹ má bá a tún un ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni èyí, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an. Bí òbí bá kà á pé "ewé yìí ti gbó, ó fẹ́ lọ sùn", kò ní béèrè ìdí tí kò fi rí bíi ti inú ìwé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obì àti háríhá, kí ẹ fi ewé sí òpin oṣù kọkànlá nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Ẹ mú igi kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá tíì wọ́wé tán kí sáà tó parí, ẹ tún kó wọn lọ wò ó ní oṣù kìíní. Kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí ṣáájú ọjọ́ aró obì pé ẹ̀wù àtijọ́ ni kí wọ́n wọ̀ fún ọmọ, nítorí aró náà kì í ṣí lára aṣọ.